Ìléwọ́ Àkọ́kọ́ Tí Mo Rà Lẹ́ni Ọdún Mẹ́rìnléláàádọ́rin

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, orí òkè ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì ní ìbọn ìléwọ́ rí láyé mi. Ìbọn gígùn ńkọ́? Ẹ má bi mí, mo ti ń yìn ín láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo fi pa àgbọ̀nrín, mo fi pa ọ̀kẹ́rẹ́, mo fi lé ajá tó ń jẹ adìyẹ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n kékeré yẹn, èyí tí wọ́n ń há sí ìbàdí? Rárá o. Kò kàn ṣẹlẹ̀ ni. Gbogbo èèyàn sì rò pé mo ní in, èmi náà ò sọ pé mi ò ní. Níbí, ọkùnrin tó dàgbà tó mi tí kò ní ìléwọ́, bí ẹni tí kò ní ṣòkòtò ló rí.

Verlon Estep lorúkọ mi. Ọkọ̀ èédú ni mo wà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Imogene ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́fà, ẹ̀yìn ilé níbí la sin ín sí, lórí òkè kékeré tó ń gba oòrùn yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún mi, Twyla, òun ló wà ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio lọ́hùn-ún, wákàtí mẹ́rin gbáko sí ọ̀dọ̀ mi tí kò bá sí òjò.

Èjìká mi ló fa gbogbo wàhálà yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní èjìká ọ̀tún, mo sì lọ gbé lọ́dọ̀ Twyla fún oṣù mẹ́rin, gbogbo ìgbà òtútù yẹn pátá, torí mi ò lè dá ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀. Nígbà tí mo padà délé, mo gbé ìbọn gígùn, kò dé èjìká. Mo tún gbé e, ó ń dùn mí dé eyín. Mo bá gbé e fún ọmọ Twyla ọkùnrin. Ó parí. Mi ò rò ó mọ́.

Àfi bí àwọn olè ṣe wọ ilé tó wà lókè ilé mi lóṣù kẹrin. Ìyá arúgbó tó ń gbébẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó dé, wọ́n ti kó oògùn ìrora ẹ̀, wọ́n kó wáyà, wọ́n tiẹ̀ jókòó jẹ páì inú fíríìjì ẹ̀. Wọ́n fọ abọ́! Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn, pé wọ́n fọ abọ́. Mo sọ fún Twyla lórí fóònù kóun náà lè rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín.

"Dádì, tí wọ́n bá wọlé bá ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa fi lé wọn?"

"Màá bú wọn."

"Dádì."

"Màá bú ìyá wọn pẹ̀lú."

Ó dákẹ́. Tí Twyla bá dákẹ́ báyìí, ìyá ẹ̀ gan-an ló jọ, kí ẹ yáa wá nǹkan dì mú.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní. "Mi ò fẹ́ ká jà. Mò ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù karùn-ún láti wá to òdòdó sórí ibojì Mọ́mì. Kí n tó dé, ẹ ra ìbọn ìléwọ́. Kí n fi ojú ara mi rí i pé ẹ lè lò ó. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá kó yín lọ sí Dayton. Mi ò lè máa sùn kí n máa jí lálẹ́ torí yín mọ́. Yàrá tẹ́ ẹ sùn lọ́jọ́sí, mo ti kùn ún lọ́dà."

Ó ti kùn ún! Ṣé ẹ gbọ́? Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan ìṣó ilé tí mo wà yìí, ẹnì kan ti lọ kun yàrá dè mí ní Ohio.

Mo ní, "Kò burú. Màá rà á."

Mo rò pé ohun tó rọrùn ni. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ èédú lórí yìnyín, ó lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ra nǹkan tí kò ju bàtà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé epo, níbi tí àwa arúgbó ti máa ń jókòó mu kọfí. Orbin wà níbẹ̀, ó ṣe ọlọ́pàá abúlé wa fún ogún ọdún. Denzil wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe. Wọ́n ń jẹ bísíkíìtì, irú búrẹ́dì kékeré kan, tí wọ́n da ọbẹ̀ funfun lé. Mo fi ọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀.

"Tí ẹnì kan bá fẹ́ ra ìléwọ́," mo ní, "ẹnì kan o, mi ò sọ pé èmi, irú wo ló yẹ kó rà?"

Ó yẹ kí n ti panu mọ́.

"Colt," Orbin ní, kò tiẹ̀ gbé kọfí sílẹ̀. "Fọ́tì-fáìfù. Bàbá mi gbé e lọ ojú ogun, ó sì gbé e bọ̀. Ọ̀rọ̀ tán."

"Ọ̀rọ̀ ò tíì tán," Denzil ní. "Bàbá ẹ gun ìbaaka lọ sílé ìwé, ṣé ìbaaka nìwọ náà gùn wá síbí? Glock ni kónítọ̀hún rà. Ó fúyẹ́, ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbà."

"Ike! Ike ni wọ́n fi ṣe é. Ìyàwó mi ní abọ́ tó jọ ọ́."

"Abọ́ ìyàwó ẹ ló jẹ́ kí ikùn ẹ rí báyìí, má bú u."

"Ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ta ló fẹ́ yìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe, ẹyọ kan ti tó."

"Ẹyọ kan lo yìn lọ́jọ́ tó o yìnbọn fún táyà ọkọ̀ ara ẹ, àbí méjì?"

Ojú Orbin pọ́n. Ó yíjú sí mi kó lè bọ́ lọ́wọ́ Denzil. "Ìwọ Verlon, irú wo nìwọ ń gbé?"

Kọfí gba ọ̀nà òdì lọ́fun mi. "Mo ní tèmi."

"Mo ní irú wo?"

"Èyí tó dúdú."

Denzil gbé ṣíbí ẹ̀ sílẹ̀.

"Èyí tó dúdú," Denzil tún un sọ. "Èyí tó dúdú! Gbogbo ẹ̀ ló dúdú, àgbààyà! Orbin, Verlon ò ní ìbọn!"

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ wò ó, níbí, irú ìbọn dà bí ìjọ. Ibi tí bàbá ẹ bá ti ń jókòó nìwọ náà ń jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ ìdí. Bàbá tèmi ò gbé kankan. Oníwàásù ni, ó ní ọwọ́ tó bá ń gbé Bíbélì ti rí ohun gbé. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣe jogún irú kankan, n ò mọ ibi tí mo máa jókòó. Kí n tó mu kọfí mi tán, èèyàn mẹ́fà ti dá sí i. Ẹnì kan ní kí n ra Smith. Ẹnì kan ní Ruger, òun ni ọlọ́gbọ́n ń rà. Òmíràn ní SIG, Orbin ní ṣé kí n wá ta ilé mi kí n tó rà á ni. Ọ̀kan ní kí n ra kékeré, òmíràn ní kékeré máa ń tàpá síni lọ́wọ́, ńlá ni kí n rà. Báwo ni kékeré ṣe máa tàpá ju ńlá lọ? Mo bi wọ́n. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kúrò níbẹ̀, orí mi ń hó bí ìkòkò.

Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Corletta. Obìnrin ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta, ó ń ta ekòló àti ìwọ̀ ẹja níwájú, ó ń ta ìbọn lẹ́yìn. Mo débẹ̀, mo wo abẹ́ gíláàsì. Bí ogójì ló tò síbẹ̀. Gbogbo wọn ló dúdú lóòótọ́.

"Bàbá Estep, ẹ káàárọ̀. Ekòló ni?"

"Ìbọn ìléwọ́."

Ó gbójú sókè. "Irú wo?"

"Ohun tí mo wá bi ọ́ nìyẹn."

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ fi í sí, àbí ara lẹ fẹ́ máa gbé e mọ́?"

"Méjèèjì. Rárá, ilé. Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ, ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Àwọn kan ń gbé e lọ."

"Irú wo ni wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀."

Ó mú ọ̀kan jáde, ó ṣí i, ó fi inú ẹ̀ hàn mí pé kò sí ọta, ó ní kí n má kọjú ẹ̀ sí òun, kí n má fi ìka sí ibi tí wọ́n ń fà. Mo bi í irú tí òun alára fẹ́ràn. Ó ní ọdún méjìlélógún lòun ti ń tà á, tóun bá sọ irú kan níbí, kílẹ̀ tó ṣú àwọn tó ń gbé irú kejì ò ní ra ekòló lọ́wọ́ òun mọ́.

"Ẹ kàn fa irin òkè yẹn sẹ́yìn," ó ní.

Ṣẹ́ ẹ rí irin yẹn? Tí èèyàn ò bá fà á sẹ́yìn, ọta ò ní wọ ojú ihò ẹ̀. Mo fà á. Kò mira. Mo di eyín, mo fà á. Ìka mi yọ̀, irin yẹn dúró bí òkúta. Ó gbé Glock fún mi, ó gbé SIG, ó gbé Ruger. Gbogbo orúkọ tí wọ́n pè nílé epo ló kọjá lọ́wọ́ mi, kò sí èyí tó dá mi lóhùn.

"Bóyá wọ́n ti dógùn-ún," mo ní.

"Kò sí èyí tó dógùn-ún, bàbá. Tuntun ni wọ́n." Kò fi mí rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ yín ńkọ́, látìgbà iṣẹ́ abẹ?"

"Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan."

Ó wò mí díẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn, ó mú oríṣi mìíràn jáde, Smith, ti àtijọ́, èyí tó ní àgbá kékeré láàárín tó ń yí, tó ń gba ọta mẹ́fà. Kò sí irin òkè láti fà. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ òòlù tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wálẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún: *kẹ́kẹ́*. Mo tún tẹ̀ ẹ́. *Kẹ́kẹ́*. Ẹ̀yin èèyàn, inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Mo ní èyí ni mo fẹ́, mi ò bi í ní irú mọ́.

Ó gbé fọ́ọ̀mù ìjọba fún mi. Ìbéèrè inú ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó lọ. Ṣé ìwọ gan-an lò ń rà á àbí ẹnì kan ló rán ọ? Ṣé o ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá rí? Ṣé wọ́n ti sọ nílé ẹjọ́ rí pé orí ẹ ò pé? Mo dúró díẹ̀ níbi ìyẹn, nítorí ohun tójú mi rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fi láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ mi tì í fún Corletta. Ó wò ó. Ó wò mí. Ó tún wò ó.

"Bàbá, Ohio lẹ ń gbé?"

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin."

"Corletta, ìwọ fúnra ẹ gbé adìyẹ wá sílé mi lọ́jọ́ tá a sin Imogene."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yín sọ pé Dayton lẹ wà. Òfin ò jẹ́ kí n ta ìléwọ́ fún ará ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìbọn gígùn, mo lè tà á fún yín. Ìléwọ́, rárá."

Mo gba láìsẹ́ǹsì yẹn, mo gbé e jìnnà sójú kí n lè rí i. Ojú èmi ni mo rí, èmi pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi gbé apá kọ́ mi lọ́rùn. Àdírẹ́sì Twyla ló wà lábẹ́ ẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo ti ń gbé e kiri. Ta ló ń ka láìsẹ́ǹsì ara ẹ̀? Mo wá rántí pé lọ́jọ́ kan lóṣù kejìlá, Twyla gbé mi lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n yà mí ní fọ́tò, mo fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ, mo rò pé ti ọsibítù ni. Oògùn ìrora wà lára mi nígbà yẹn, tí wọ́n bá ní kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni gómìnà, màá fọwọ́ sí i.

Mo délé mo pè é.

"Twyla, báwo ni mo ṣe di ará Ohio?"

"Nítorí ìwé ọsibítù ni, Dádì. Ó máa jẹ́ kó rọrùn."

"Ó rọrùn fún ta ni?"

"Láìsẹ́ǹsì yín ti fẹ́ kú náà, Dádì. Mo kàn... Mi ò rò pé ẹ máa padà lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu. Ṣé ó ṣe é torí ó fẹ́ràn mi ni, àbí ó fi èrú kó mi kúrò nílé mi? Mo jókòó títí ẹ̀wà mi fi jóná. Mi ò mọ èyí tó jẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ̀ ọ́n.

Bá a ṣe lọ sí ọ́fíìsì láìsẹ́ǹsì nìyẹn, èmi àti Denzil, torí òun ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé ọ́fíìsì náà lọ sí ìlú mìíràn. Mo kó ìwé owó iná, mo kó ìwé owó orí ilẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Níbo lẹ ń gbé, bàbá?" Mo sọ fún un. Mo sọ ilé, mo sọ odò tó wà níwájú ẹ̀, mo sọ ọdún tá a kọ́ ọ. Denzil tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. "Nọ́ńbà ilé ló ń bi ọ́, Verlon, kì í ṣe ìtàn." Wọ́n gba ti Ohio lọ́wọ́ mi, wọ́n ní tuntun máa gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé nínú lẹ́tà.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, kò dé. Mo ń dúró de ọkọ̀ lẹ́tà lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń dúró de ìyàwó. Ìwé ìpolówó oògùn etí dé. Ìwé ìpolówó pósí dé. Ọjọ́ Fúráìdé tó ṣáájú Sátidé tí Twyla ń bọ̀ ni káàdì yẹn tó dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta níbi àpótí lẹ́tà.

Twyla dé láàárọ̀ Sátidé. Mo rí òdòdó ìyá ẹ̀ lórí àga iwájú, inú mi dùn. Mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀: páálí ìkẹ́rù ló kún ibẹ̀, bí mẹ́wàá, ó ti pa wọ́n pẹlẹbẹ. Inú mi ò dùn mọ́.

"Ìbọn dà?" ó ní.

"Wọlé sínú ọkọ̀, a ń lọ rà á."

"Ẹ ò tíì rà á?"

"Ará Ohio kan ni wọn ò fẹ́ tà á fún."

Ó bojú wolẹ̀.

A dé ṣọ́ọ̀bù Corletta. Mo ní kó gbé Smith mi wá. Corletta mi orí. "Wọ́n ti rà á, bàbá. Ní Tọ́sidé. Ẹ ò sọ pé kí n bá yín fi pamọ́."

Lóòótọ́, mi ò sọ. Ta ló ń ra nǹkan àtijọ́ bẹ́ẹ̀, mo rò pé èmi nìkan ni. Ó ní irú ẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, Ruger, tó ń yí bákan náà, ṣùgbọ́n tuntun ni, ó le díẹ̀. Ó gbé e fún mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ òòlù ẹ̀. Ó dé àárín, àtàǹpàkò mi yọ̀. Mo nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Ó tún yọ̀. Mo mọ̀ pé Twyla ń wò mí, mo sì mọ̀ pé páálí mẹ́wàá wà níta. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Dádì," Twyla ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Mi ò tíì ṣe tán."

"Wọ́n ti sọ fún mi ní Dayton. Ẹni tó ń bá yín na apá, ó ní agbára ìka yín ò ní padà bọ̀ sípò."

Mo gbé ìbọn sílẹ̀ lórí gíláàsì. "O ti mọ̀?"

Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́.

"O mọ̀ pé mi ò lè fà á, o sì ní kí n lọ rà á?"

"Mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ẹ̀ ń bọ̀. Mi ò fẹ́ fi agbára mú yín." Omi ti dé ojú ẹ̀. "Tí fóònù bá dún láàárọ̀, ẹ ò mọ bó ṣe ń ṣe mí. Tí kò bá tún dún ńkọ́!"

Corletta ní òun fẹ́ lọ wo ekòló òun. Ekòló tó wà nínú fíríìjì láti àárọ̀, kí ló fẹ́ wò lára ẹ̀?

Mo fẹ́ bínú, ìbínú ò wá dáadáa. Mo fẹ́ dì í mọ́ra, ìyẹn náà ò wá. Mo kàn tún gbé ìbọn yẹn. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, mo sì gbé ọwọ́ òsì wá, ọwọ́ òsì tí ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀bẹ kàn, mo fi àtàǹpàkò òsì tẹ òòlù yẹn.

*Kẹ́kẹ́.*

Mo tún ṣe é. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo kọjú ẹ̀ sí ògiri.

Corletta pariwo láti ẹ̀yìn fíríìjì pé, "Ọwọ́ méjì náà ni gbogbo èèyàn ń lò, bàbá! Ta ló ní ọwọ́ kan ni?"

Twyla yọ káàdì owó ẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n san án."

"Dúró," Corletta ní, ó ti jáde. "Ta ló ń rà á? Tó bá jẹ́ ìwọ, ará Ohio ni ọ́, mi ò lè tà á fún ọ. Tó bá jẹ́ bàbá, kí bàbá sanwó."

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mò ń rà á."

Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ibi tí mò ń gbé, mo kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá. Twyla dúró lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí ẹ̀. Corletta pe ìjọba lórí fóònù kí wọ́n yẹ orúkọ mi wò, ó dúró, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kò sí wàhálà.

Nígbà tá a délé, mo gbé gálọ́ọ̀nù ọṣẹ kan tó ti ṣófo sí ẹsẹ̀ òkè tó wà lápá odò, níbi tí kò sí ilé. A fi nǹkan dí etí wa. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èkíní lọ sọ́run, mi ò mọ ibi tó bọ́ sí. Èkejì wọ erùpẹ̀. Mẹ́ta tó kù lu gálọ́ọ̀nù. Twyla lọ síbẹ̀, ó ki ìka bọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ó dáa," ó ní. Bó ṣe sọ ọ́, kò jọ ti ẹni tí nǹkan dáa fún.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ibi tí mo máa fi í sí. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí ò ṣeé ṣe. Mo ní ta ló sọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní ṣé kí olè wá jókòó jẹ páì tán kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀ níbẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò lè gbé e mì.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè a to òdòdó fún ìyá ẹ̀, a gé koríko, a kọrin. Lọ́sàn-án ó ní òun ń lọ, iṣẹ́ wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó sínú ọkọ̀, kò ṣíná ọkọ̀.

"Dádì, tí yìnyín bá ti ń dí ọ̀nà, oṣù kìíní àti ìkejì, ẹ wá. Oṣù méjì péré."

"Màá wá."

"Ẹ ṣèlérí."

"Màá wá, mo ní. Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀lé ọ lọ sí ọ́fíìsì kankan."

"Mi ò ní gbé yín lọ." Ó di ọwọ́ mi mú láti ojú fèrèsé, ọwọ́ òsì. "Ẹ máa pè mí láàárọ̀. Lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí n dúró títí aago méje fi kọjá."

Ó lọ. Páálí yẹn ń fò sókè lẹ́yìn ọkọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi àfonífojì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lóòótọ́, inú ilé mi ni mo wà, ìbọn mi ni mo rà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: oṣù méjì ní Ohio, fóònù kí aago méje tó lù. Ṣé èmi ni mo borí, àbí ọmọ yẹn? Mo bi Denzil, ó ní ọmọ náà ni. Mo bi Orbin, ó ní irú wo ni mo tiẹ̀ wá rà. Mo ní Ruger ni. Ó gbé kọfí ẹ̀, ó lọ jókòó sí tábìlì mìíràn.